Bí a ṣe ya ètò ìdàgbàsókè ojú ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́: ibùdókọ̀ ni a kọ́kọ́ fi sórí ìwé

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí apá Ìlọrin, ni ó gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ya àwòrán bí àdúgbò náà yóò ṣe máa gbòòrò, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba kí ilẹ̀ tí ó kù ní etí títì tó tán. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo kọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí wíwọn pulọ́ọ̀tì ẹnì kan. Ohun tí a ń wá ni kí ènìyàn lè wọ ọkọ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì sọdá títì láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, àní nígbà tí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ ju ti òní lọ. Mo kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ nítorí pé àwọn àdúgbò mìíràn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín àti ní Ọ̀yọ́, wà ní irú ipò kan náà.

Ẹni tí ó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìdí tí apá yìí fi ń dàgbà. Láti ìgbà tí a ti dá LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, sílẹ̀ ní 1990 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé nínú ilé tí àwọn onílé kọ́ sí àárín ìlú àti sí ìta ìlú, kì í ṣe nínú ọgbà yunifásítì. Ilé ń pọ̀ sí i, ọjà ń tẹ̀ lé ilé, ọkọ̀ sì ń tẹ̀ lé ọjà. Nígbà tí ẹbí bá sì fẹ́ ta ilẹ̀, èyí tí ó wà létí títì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, nítorí òun ni owó rẹ̀ ga jù. Pulọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 60 fi díẹ̀ ju mítà 18 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kìlómítà kan yóò gba pulọ́ọ̀tì bí 54 ní ẹ̀gbẹ́ kan títì nìkan. Bí olúkúlùkù bá la géètì tirẹ̀ sójú títì, tí ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, a jẹ́ pé ibi 54 ni mọ́tò ti lè yọ lójijì tàbí kí ó dúró lójijì, kí a tó ka ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti Micra, mọ́tò kékeré tí ń kó èrò, yóò máa dúró níbikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti nawọ́. Lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀bù yìí, ilẹ̀ tí ó pọ̀ jù wà nínú igbó, kò sì sí ọ̀nà gidi tí ènìyàn lè gbà dé ibẹ̀. Ìlú tí ó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí ni mo ń gbìyànjú láti yí padà sí ìlú tí ó kóra jọ sí ibi mélòó kan.

Mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú téèpù, ìwé àti fóònù. Mo fi OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe ìpìlẹ̀ àwòrán, mo sì fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, yà á. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Mo sàmì sí ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo, òpó iná, kòtò àgbàrá àti gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń dúró de ọkọ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù sí mi. Kò sí ibùdókọ̀ kankan tí ìjọba kọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti yan tiwọn: abẹ́ igi kan, iwájú ilé epo kan, ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fojú kéré irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí òjìji, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó já síbẹ̀ ni ó mú kí wọ́n yàn án.

Lẹ́yìn èyí ni a ka èrò, tí a sì wọn eré ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa jókòó sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú ìwé tí a ti fa ìlà sí, wọ́n ń ka ẹni tí ó sọdá, ibi tí ó ti sọdá, àti bóyá ọmọdé ni, àgbàlagbà ni, tàbí ẹni tí ó ru ẹrù. A ṣe é ní ọjọ́ iṣẹ́, ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ Àìkú, nítorí ìrìn ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba rárá. Ní ti eré, kò sí ẹ̀rọ tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń lò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. A fi ẹfun sàmì sí ibi méjì tí mítà 100 wà láàárín wọn, a sì fi aago fóònù wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ fi kọjá láti àkọ́kọ́ dé ìkejì. Ọkọ̀ tí ó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 7.2 ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá lo 4.5 ń sá kìlómítà 80. Ó yẹ kí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n dúró síbi tí awakọ̀ kò ti ní tètè rí i, nítorí gbàrà tí awakọ̀ bá rí ẹni tí ó mú ìwé dání ni yóò dẹ eré rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́, níwájú ilé ẹ̀kọ́ gan-an, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kọjá kí aago tó ka 5.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níbi yìí, nítorí òun ni ó yí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn padà nínú ìpàdé wa. Bí a bá ka èjìká ọ̀nà mọ́ ọn, títì náà fẹ̀ tó mítà 12 níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ìyá tí ó ru ẹrù, tí ó ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 12 kí ó tó kọjá. Láàárín àkókò yẹn, ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 80 yóò ti rin ohun tí ó ju mítà 260 lọ. Ṣùgbọ́n kọ́nà kan wà nítòsí tí kò jẹ́ kí ojú rí ju mítà 150 lọ. Nítorí náà, kódà bí ìyá náà bá wo ọ̀tún wo òsì tí kò rí ọkọ̀ kankan, ọkọ̀ tí kò tíì yọ sí i lè bá a ní àárín títì. Bí ọkọ̀ náà bá dín eré kù sí 50, yóò ṣì rin mítà 167. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sá 30, mítà 100 péré ni yóò rìn, ìyá náà yóò sì lè kọjá ní àlàáfíà. Ọ̀nà mìíràn ni kí a kọ́ pèpéle kékeré sí àárín títì, kí ó lè sọdá ìdajì, kí ó dúró, kí ó tún wo apá kejì kí ó tó sọdá ìyókù. Ìgbà náà ni ìṣẹ́jú àáyá 6 yóò tó fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ tí ń sá 50 kò sì ní rìn ju mítà 84 lọ. Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn tí ń sọdá kò fara balẹ̀. Ìṣirò yìí fi hàn pé ìfarabalẹ̀ nìkan kò lè gbà wọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ohun tí ó bá èyí mu. Wọ́n ní bí eré àwọn ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lékún, ewu ìjàǹbá tí ó ń pani ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lékún. Wọ́n tún ní ewu ikú fún ẹlẹ́sẹ̀ tí iwájú mọ́tò kọlù ń di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ bí eré mọ́tò náà bá kúrò ní 50 tí ó di 65. Mo kọ méjèèjì sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé wa.

Ìgbà yìí ni mo tó gbé ibùdókọ̀ sórí àwòrán, kí n tó fa ìlà ilé kankan. Mo yan ibi mẹ́ta, mo fi nǹkan bí mítà 700 sí 800 sáàárín wọn, kí ẹnikẹ́ni tí ń gbé lẹ́bàá títì má baà rìn ju mítà 400 lọ kí ó tó dé ọ̀kan. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà ni ìyẹn. Kíká òbìríkítí yí ibùdókọ̀ ká lórí kọ̀ǹpútà kò tó, nítorí ọ̀gbun àgbàrá àti ọgbà gígùn lè sọ mítà 400 di kìlómítà kan fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gan-an ni mo wọ̀n. Níbi kọ̀ọ̀kan, mo ya àyè tí ọkọ̀ yóò yà sí kúrò lójú títì, àtíbàbà àti bẹ́ǹṣì, iná, kòtò àgbàrá tí a bò, àti àyè ọ̀tọ̀ fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kí wọ́n má baà dí Micra àti bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ibi ìsọdá ga díẹ̀ ju ojú ọ̀dà lọ, pèpéle sì wà ní àárín rẹ̀. Mo fi àyè ìdúró sí iwájú ibi ìsọdá, kì í ṣe kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ yóò gbà kọjá, ọkọ̀ tí ó dúró kò sì ní bo ojú awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ilé wá tẹ̀ lé ibùdókọ̀. Láàárín mítà 400 sí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, a dábàá pé kí a fàyè gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìdílé máa gbé lókè. Láàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì, kí géètì má kọjú sí títì mọ́. Kí ọ̀nà kan gba ẹ̀yìn pulọ́ọ̀tì iwájú, kí ó bá títì rìn, kí ó sì já sí títì ní ibi díẹ̀. Kí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta sì ti inú lọ́hùn-ún já tààrà sí ibùdókọ̀. Ìlú Curitiba ní orílẹ̀-èdè Brazil ti ṣe irú èyí: láti 1974 tí bọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ilé gíga kóra jọ sí ẹ̀bá àwọn ọ̀nà yẹn, kí ó sì máa relẹ̀ bí ó ti ń jìnnà sí wọn. Nígbà tí ẹnì kan ní ìpàdé sọ pé ohun Èkó ni èyí, mo dáhùn pé a kò béèrè irú ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí Èkó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 ní 2008. Ohun tí a béèrè ni kí èrò wà ní ibi tí awakọ̀ lè fọkàn sí, kí ọkọ̀ lè tètè kún, kí owó ọkọ̀ sì rọrùn ju ti ọ̀kadà tí ń gbé ẹnì kan ṣoṣo.

Ìpàdé náà gùn, ó sì dára pé ó gùn. Bàbá kan nínú àwọn onílẹ̀ béèrè pé, “Ta ni yóò san owó ilẹ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí fún mi?” A fẹnu kò pé kí àwọn ẹbí tí kò tíì ta ilẹ̀ wọn yọ ọ̀nà náà kúrò nínú àwòrán kí wọ́n tó pín pulọ́ọ̀tì, kí àdánù rẹ̀ lè kéré lórí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì jẹ́ ti ẹnì kan. Ìyá tí ó ń ṣe olórí àwọn oníṣòwò sọ pé, “Ibi tí ọkọ̀ bá dúró ni ọjà wà. Bí ẹ bá kó ọkọ̀ lọ, ẹ kó wa lọ pẹ̀lú rẹ̀.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ, mo sì ya àyè ìsọ̀ sí ẹ̀yìn àtíbàbà kọ̀ọ̀kan kí a tó tú ká lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a da bọ́ǹpù kọnkéré sójú títì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bọ́ǹpù tí a kò fi ìwọ̀n ṣe, tí kò ní àmì, máa ń dá omi dúró, ó sì máa ń gbé ọlọ́kadà ṣubú lóru.

Ohun tí ó kù ni ibi tí ìwé yóò gbà. Àṣẹ lórí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti dá a ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ni ó ni ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n títì fúnra rẹ̀ ní ìjọba tí ó ni ín, ẹni náà nìkan ni ó sì lè fàṣẹ sí ibi ìsọdá àti pèpéle. Nítorí náà, mo pín ìwé wa sí mẹ́ta: ọ̀kan nípa títì, ọ̀kan nípa gíga ilé àti ọ̀nà ẹ̀yìn fún ọ́fíìsì ètò ìlú ìpínlẹ̀, ọ̀kan nípa ìsọ̀, iná àti kòtò àgbàrá fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan yóò máa tì í sí èkejì.

Wọ́n ti gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ti fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ alága wa. Àwọn ẹbí méjì ti yọ ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú ilẹ̀ wọn, mo sì ti ri òpó ààlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibùdókọ̀ iwájú ilé ẹ̀kọ́ ni a ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí owó kò bá tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti fọwọ́ sí lẹ́tà tí yóò tẹ̀ lé ti ìṣáájú.