Kí oníbàárà tó wá wo ilé tí o fẹ́ tà
Àjà àti ẹsẹ̀ ògiri ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí àjà bá ní àbàwọ́n omi, òrùlé ló sábà máa ń jò: pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà kó o tó kun ọ̀dà.

Ẹsẹ̀ ògiri tó ń bó ló le jù. Ọ̀rinrin ló sábà máa ń gòkè láti ìpìlẹ̀. Bó o bá kan kun ọ̀dà lé e, yóò tún bó, oníbàárà á sì fura. Ha á dé ibi búlọ́ọ̀kù, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́ rẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà kun ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì.

La gọ́tà. Ṣe ẹ̀dà C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) àti ìwé sọ́fè (àwòrán tó fi ààlà ilẹ̀ hàn) fún lọ́yà oníbàárà. Ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ.