Bí Mo Ṣe Gbé Ọjà Obì Ṣágámù Dórí Rédíò

Kí n tó di atọ́kùn ètò, alága ìjókòó ni mí. Nǹkan bí ọdún 6 ni mo fi ń ṣe alága níbi ìgbéyàwó káàkiri Rẹ́mọ, láti Ìpẹ̀rù dé Òde-Rẹ́mọ, láti Ìṣarà dé Ògèrè, tí mo ń kí àwọn àna, tí mo ń gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, tí mo sì ń gbé obì sókè kí gbogbo ilé lè rí i, pé obì á bi ikú, obì á bi àrùn. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti là. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ètò lórí rédíò ti gbọ́ mi, tí wọ́n sì sọ fún mi pé bí mo bá lè dín ariwo mi kù, iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò bá mi mu. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe ètò ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ronú kàn án títí dé ọjọ́ tí ó wọ afẹ́fẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bi mí nípa iṣẹ́ yìí ló rò pé ẹnu dídùn nìkan ni a fi ń ṣe é.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò. Òun ló ń ra àyè lórí afẹ́fẹ́, tó ń wá onígbọ̀wọ́ tí yóò san owó rẹ̀, tó ń ṣètò ohun tí yóò sọ, tó sì ń jẹ ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti gba tiwọn. Títí di ọdún 1992, nígbà tí ìjọba ṣe òfin tó dá NBC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán, sílẹ̀, tó sì gba àwọn aládàáni láàyè, ìjọba nìkan ló ni rédíò àti amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ní ohun gidi lẹ́nu lè rí àyè, bí ó bá lówó lọ́wọ́. Owó tí ilé-iṣẹ́ tí mo lọ bá ní kí n mú wá fún ọ̀sẹ̀ 4 ju ohun tí mo ń rí níbi ìgbéyàwó 2 lọ, wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ gba ètò kan sílẹ̀ wá kí àwọn gbọ́ ọ.

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n ṣe ètò lórí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, nítorí ìdí ìgbéyàwó ni mo ti wá. Mo wá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ rédíò láti àárọ̀ dé alẹ́, mo sì rí i pé ìmọ̀ràn lọ́kọláya kò wọ́n lórí afẹ́fẹ́ rárá. Ohun tó wọ́n ni ohùn àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa. Ní Ṣágámù, obì kì í ṣe ohun kékeré: òun ló kó àwọn Hausa onísòwò jọ sí Sábó, òun ló ń kún inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkè Ọya, òun náà ló tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ yanjú nílé ìwé. Mo ti gbé obì sókè níbi ìgbéyàwó tí n kò lè kà tán, síbẹ̀ n kò béèrè rí ọwọ́ ta ló ti kọjá kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mo ní ìyẹn ni mo máa béèrè.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sọ́jà, gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta kan wà lẹ́yìn wa tí n kò fiyè sí, nítorí etí ènìyàn mọ bí a ti ń yẹ ariwo sílẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ohùn tèmi fúnra mi. Bí màmá olóbì tí mo ń bá sọ̀rọ̀ bá ti la ẹnu, èmi ti ń dáhùn, “ẹ̀n-ẹ́n”, “bẹ́ẹ̀ ni, màmá”, “háà, ẹ kú iṣẹ́, mà”, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Lójúkojú, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Nínú ẹ̀rọ, ńṣe ló dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn mọ́ màmá lẹ́nu, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ tiwọn.

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ̀rọ ìlọta tó bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ṣàlàyé pé, “Màmá, ẹ má bínú o, n kò ní máa dá yín lóhùn lónìí. Orí ni mo máa máa mì. Kì í ṣe pé mo rí yín fín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, pé kí n jókòó. Mo fi áńkáṣíìfù wé ibi tí fóònù mi ti ń gba ohùn kí afẹ́fẹ́ má bàa máa fọn sí i, mo sì mú un súnmọ́ ẹnu wọn bí ìbú ọwọ́ kan.

Ìbéèrè náà yí padà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ti pẹ́ nídìí òwò yìí, mà?” Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ta obì fún mi.” Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ju ọmọ ọdún 12 lọ, pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ìyá àwọn ní kí àwọn jókòó ti apẹ̀rẹ̀ kí òun lọ yalé kan, àfi bí oníbàárà ṣe dé. Látibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí iṣẹ́ fúnra rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kí èyí tí kòkòrò ti wọ̀ má bàa kó bá ìyókù, àti bí wọ́n ṣe ń fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má bàa gbẹ kí ó tó dé Òkè Ọya. Wọ́n mú obì 2 sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ní èyí tí èmi máa ń gbé sókè níbi ìgbéyàwó, tó ní awẹ́ mẹ́rin, àbàtà nìyẹn; gbànja, aláwẹ́ méjì, ni àwọn Hausa ń wá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni oníbàárà kan dé, tí màmá yí sí èdè Hausa lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ná ọjà náà tán, tí wọ́n gba owó, tí wọ́n sì padà sí ọ̀rọ̀ wa láìjẹ́ pé ọwọ́ wọn dúró. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ, títí kan ìró obì tó ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, pò, pò, pò. Ìró yẹn ni mo wá fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà dípò orin.

Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ni mo gbà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ti ra àyè lórí afẹ́fẹ́ rí kì í mọ̀ pé ìṣẹ́jú 30 kì í ṣe ìṣẹ́jú 30: ìṣẹ́jú 1 fún ìbẹ̀rẹ̀, 5 fún ìpolówó ọjà, 2 fún ìkéde ilé-iṣẹ́ fúnra wọn, 6 fún àwọn olùgbọ́ tí yóò pè wọlé. Ìṣẹ́jú 16 ló ṣẹ́kù, mo fi 11 sílẹ̀ fún màmá, mo mú 5. Alẹ́ 4 ni mo fi gé ohùn náà. Mo yọ ibi tí wọ́n ti ń sinmi, mo yọ ọ̀rọ̀ owó wọn nítorí àṣírí ọjà ni, mo sì yọ ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tó kọ́ wọn lówò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí mo rò pé olùgbọ́ kò ní mọ̀ wọ́n. Ohun kan tí n kò gbà láti yọ ni èdè Rẹ́mọ wọn. Ẹnìkan nílé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn tó ń gbọ́ wa ní Abẹ́òkúta kò ní gbọ́ gbogbo rẹ̀, pé kí n sọ ọ́ fúnra mi ní Yorùbá tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí màmá sọ tiwọn tán ná, kí èmi wá là á yé wọn ní gbólóhùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohùn àgbà bá ti kúrò nínú èdè rẹ̀, ohùn ẹlòmíràn ló kù.

Wíwá onígbọ̀wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ètò náà. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ṣe tán láti san owó oṣù kan lódidi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n sọ pé àgbo òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun gbogbo tó ń bá ènìyàn jà. Òfin NBC kò fi àyè gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní láti fọwọ́ sí ìpolówó oògùn ìbílẹ̀ kí a tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Òun kò sì ní ìwé kankan. Mo dá owó rẹ̀ padà, ó sì dùn mí nítorí n kò ní òmíràn. Àwọn tó wá gbà mí ni ìyá aláṣọ kan, oníbúrẹ́dì kan àti ọ̀gá kan tó ń ta ọ̀pá omi, tí wọ́n dá owó náà jọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ tèmi, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ojú ìwé kejì, mo kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i pé ọkọ̀ dé láti oko. Nígbà tí mo kà á sókè nínú yàrá, “ọkọ dé láti oko” ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi. Mo gbé bírò, mo fi àmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fa ìlà sí ibi tí mo gbọ́dọ̀ mí. N kò tíì ka ohunkóhun lórí afẹ́fẹ́ láìfàmì sí i látìgbà náà.

Bàbá mi a máa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí àwọn àgbà fún un látìgbà àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé, èyí tó dé Èkó ní 1935. Mo rò nípa orúkọ yẹn nígbà tí mo jókòó sínú sítúdíò ní ọjọ́ náà, nítorí níbi ìgbéyàwó, mo lè rí ojú àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì mọ ìgbà tí ó sú wọn. Níbẹ̀, ògiri ni mò ń wò. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ pè mí sí iṣẹ́ náà ti sọ fún mi pé kí n ronú kan ẹnìkan ṣoṣo, kí n máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì mí. Màmá yẹn ni mo ronú kàn. Ohùn mi sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. (Lẹ́yìn ọdún kan tí amóhùnmáwòrán kan pè mí, ọ̀tọ̀ ni wàhálà ibẹ̀: àdìrẹ tí mo wọ̀ ní àwòrán wínníwínní tó ń jó lójú kámẹ́rà, wọ́n ní kí n pààrọ̀ rẹ̀, ọwọ́ alága mi sì ń fò jáde kúrò nínú àwòrán. Mo wá túbọ̀ bọ̀wọ̀ fún Àníkẹ́ Agbájé-Williams, ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí. Kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ tó lè wò kọ́ṣe.)

Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, iná lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kò tètè gbà á, gbogbo nǹkan dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 8, ó sì gùn lójú mi bí ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ na ìka sí mi, n kò tọrọ àforíjì gígùn. Mo tún orúkọ ètò náà dá, mo sọ ibi tí màmá bá ọ̀rọ̀ dé, a sì ń bá a lọ. Ènìyàn 5 ló pè wọlé. Èkejì nínú wọn jẹ́ Hausa kan láti Sábó, tó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ṣágámù, tó ní òun kò tíì gbọ́ orúkọ tí òun ti mọ ohùn màmá náà, pé ọwọ́ wọn ni bàbá òun ti ń ra obì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ètò náà lọ bá màmá nínú fóònù mi, nítorí wọn kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi etí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, orúkọ ìyá mi dà?”

N kò rí ìdáhùn kankan tó dára. Mo délé, mo wá ohùn náà jáde nínú èyí tí mo ti gé kúrò, ìṣẹ́jú àáyá 28 péré ni: orúkọ ìyá wọn, orúkọ ìyá àgbà, àti ti ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò tó kọ́ wọn bí a ti ń mọ obì tó ti ní kòkòrò nínú láìlà á. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò kejì, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan.