Owó tó ń tán kó tó kan àwọn ọmọ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìdáwó ilé-ìwé l'Óṣogbo

"Ẹ bá wa ran àwọn ọmọ lọ́wọ́" nìkan ò tó láti fi tọrọ owó fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹgbẹ́ oníjó ilé-ìwé. Àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ìwé dání pé jẹ́sì 18 (ti àwọn 11 tí yóò gbá bọ́ọ̀lù àti 7 tí yóò jókòó dè wọ́n), bọ́ọ̀lù 4 àti àwọ̀n 2 lẹ fẹ́ rà, ẹnì kan á sọ pé òun á san owó bọ́ọ̀lù méjì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye wọn ní ṣọ́ọ̀bù méjì, ó kéré tán. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti kọ ni owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, omi mímu, oògùn ọgbẹ́ àti, fún ẹgbẹ́ oníjó, owó àtifi awọ tuntun bo ìlù.

Ayẹyẹ ìkówójọ rẹpẹtẹ ló ń jẹ owó jù. Ká ní ₦600,000 wọlé lọ́jọ́ náà, tí kánópì, àga, olórin àti oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì sì gba ₦380,000. ₦220,000 péré ló kù fún àwọn ọmọ tí a torí wọn pe èèyàn jọ! Ìnáwó ò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ẹ ń retí lọ. Ẹ lo gbọ̀ngàn ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ fúnra wọn lùlù, kí wọ́n jó, torí ọmọ wọn làwọn òbí wá wò. Àdìrẹ tí àwọn ọmọ bá rẹ láró náà ṣeé tà níbẹ̀. Ìlú tó mọyì iṣẹ́ ọnà ni Òṣogbo.

Ìlérí kì í ṣe owó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣèlérí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá, kí ẹnì kan sì pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí owó tó wà nílẹ̀ bá ká nìkan ni kí ẹ rà.

Ẹ má gba owó sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ti ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n lè gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn nígbàkigbà, àìsàn sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Orúkọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni kó wà lórí àkáǹtì, kí ẹni méjì nínú mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ nílẹ̀, torí náà ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ẹ tó já rìsíìtì. Ẹni tó bá gba ìwé rìsíìtì olójú-ewé 50 gbọ́dọ̀ dá a padà: èyí tó lò, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó kù, kí àpapọ̀ wọn jẹ́ 50.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ lọ fi agolo tọrọ owó láàárín ọkọ̀ ní oríta Ọláìyá. Kò sí jẹ́sì tó tó ẹ̀mí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ torí pé òbí rẹ̀ ò rówó dá. Ọmọ yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù.

Ní ti àsìkò, ẹ fi oṣù kẹjọ sílẹ̀: ìlú ń ṣọdún Ọ̀ṣun, ilé-ìwé wà nínú ìsinmi. Oṣù kẹsàn-án, owó ìwé ló gba ọkàn òbí. Ìparí oṣù kẹwàá sàn jù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìkówójọ, ẹ lẹ ìwé ìṣirò mọ́ ara ògiri ilé-ìwé: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì ohun tí ẹ rà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó, títí kan ẹni tó mú ₦200 wá.