Bí a ṣe ń yan ìwọ̀n páìpù tó yẹ fún kọ̀mpurẹ́sọ̀ ilé iṣẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ti àwọn tó ń fín ọ̀dà sí mọ́tò ní Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́, ihò tó wà lẹ́nu táǹkì kọ̀mpurẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń yan páìpù. Bí ihò náà bá ti gba páìpù 1/2 íǹṣì, 1/2 íǹṣì náà ni wọn yóò fà láti ẹ̀yìnkùlé dé ojú títì, ìbáà ṣe mítà 5, ìbáà ṣe mítà 50. Nígbà tí ìbọn ọ̀dà bá wá ń tu ọ̀dà ní kókó-kókó sára ilẹ̀kùn mọ́tò, tí ìbọn tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì kò sì ka nọ́ọ̀tì táyà mọ́, wọn yóò ní kọ̀mpurẹ́sọ̀ ti darúgbó, wọn yóò sì máa wá owó èyí tó tóbi jù ú lọ, nígbà tó jẹ́ pé páìpù ló fún ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Iye afẹ́fẹ́ tí yóò gba inú páìpù kọjá àti ọ̀nà tí yóò rìn ni a fi ń yan páìpù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye afẹ́fẹ́ tí irinṣẹ́ yín ń jẹ. Ó máa ń wà nínú ìwé pélébé tó bá irinṣẹ́ wá nínú páálí, wọ́n sì sábà máa ń fi CFM, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, kọ ọ́. Ẹ ro gbogbo àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀. Ìbọn ọ̀dà a máa jẹ afẹ́fẹ́ láìdúró títí a ó fi parí ilẹ̀kùn kan, ṣùgbọ́n ìbọn nọ́ọ̀tì a jẹ díẹ̀ a sì sinmi, nítorí náà ẹ má ṣe kà wọ́n bákan náà. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ wo kọ̀mpurẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀: èyí tó dára a máa fún wa ní nǹkan bí CFM 4 lórí HP (ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ rẹ̀) kọ̀ọ̀kan, àwọn kéékèèké kì í tó bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣírò páìpù fún irinṣẹ́ òní nìkan, nítorí pé ẹni tó ní ìbọn ọ̀dà kan lónìí yóò ra èkejì kí ọdún méjì tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi CFM 40 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí kọ̀mpurẹ́sọ̀ HP 10 lè pèsè. Bí ẹ bá fi 0.47 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí lítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pinnu iye agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ gbà kí ó sọnù sójú ọ̀nà. Láti ẹnu kọ̀mpurẹ́sọ̀ dé ẹnu irinṣẹ́, kò yẹ kí àdánù náà ju ìdá 10 nínú 100 lọ, tòun ti àsẹ́ omi àti rọ́bà tó so páìpù mọ́ irinṣẹ́. Fún páìpù nìkan, bar 0.1 ni mo máa ń fi sílẹ̀ (bar ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Àwọn tó ń yí géèjì sókè láti fi bo àdánù mọ́lẹ̀ yẹ kí wọ́n mọ̀ pé bar 1 tí a bá fi kún un ń jẹ nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 iná tàbí dísù lé e.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ ni wíwọn ọ̀nà. Púlọ́mbà yóò na téèpù láti kọ̀mpurẹ́sọ̀ dé ibi irinṣẹ́, yóò ní mítà 30 ni, yóò sì ká téèpù rẹ̀. Mítà 30 kọ́. Afẹ́fẹ́ kì í gba inú élíbò (ìsopọ̀ tó tẹ̀) kọjá bó ṣe ń gba inú páìpù gbọọrọ: ó ń kọlu ògiri ibi tó tẹ̀, ó ń yí po, ó sì ń pàdánù agbára. Lára páìpù tó tó mílímítà 25, élíbò kan tó tẹ̀ ṣánṣán ń jẹ agbára tó bá páìpù gbọọrọ mítà 1.5 dọ́gba. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yà kúrò nínú tíì (ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta) jẹ́ mítà 1.5 bákan náà. Fáàfù tí a ń lọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣí, tó jẹ́ pé abẹ́ ìdérí ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ kọjá, ń jẹ tó mítà 7.5, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi ọ̀pá kan yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ju mítà 0.3 lọ. Nítorí náà n kò ra ti àkọ́kọ́ mọ́, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ má ṣe wọn ọ̀nà lórí ìjókòó. Ẹ mú okùn ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gan-an níbi tí páìpù yóò gbà, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí yóò ti tẹ̀ tàbí tí yóò ti yà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka àmì ẹfun. Nínú àpẹẹrẹ wa, élíbò 6 àti tíì 2 jẹ́ mítà 12, mítà 30 sì di 42. Bí ẹ bá lè gbé kọ̀mpurẹ́sọ̀ sún díẹ̀ kí élíbò méjì lè kúrò, ẹ gbé e sún kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ̀rọ ìṣirò fóònù lè ṣe ìyókù, bí ẹ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí àmì ipá (^) lè yọ. Ìlànà náà nìyí: àdánù (bar) = 450 × q^1.85 × L ÷ (d^5 × p). Lítà ní ìṣẹ́jú àáyá ni q, mítà ọ̀nà ni L, mílímítà inú páìpù ni d, p sì ni agbára orí géèjì pẹ̀lú bar 1 ti afẹ́fẹ́ ayé. Bí géèjì bá ka bar 7, tí í ṣe nǹkan bí 100 lórí géèjì tó ń fi psi kà, p jẹ́ 8. Páìpù irin 1/2 íǹṣì, tí inú rẹ̀ tó mílímítà 16, yóò pàdánù bar 0.52. 3/4 íǹṣì yóò pàdánù bar 0.12, èyí sì fi díẹ̀ ju bar 0.1 tí a fi sílẹ̀ lọ. Íǹṣì 1, tí inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 27, kò pàdánù ju bar 0.04 lọ. Íǹṣì 1 ni kí ẹ rà. Ipá 5 tó wà lórí d ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yìí: bí ẹ bá dín inú páìpù kù sí ìdajì, àdánù yóò di ìlọ́po 32.

Ẹ tún wo eré afẹ́fẹ́. Nínú páìpù àgbà, kò yẹ kí ó ju mítà 6 sí 9 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí bó bá sáré jù, yóò gbá omi inú páìpù lọ bá ọ̀dà yín. Nínú íǹṣì 1 tiwa, mítà 4 ni. Nínú 1/2 íǹṣì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12.

Ẹ má ṣe fi páìpù omi PVC ṣe iṣẹ́ yìí, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á bá sọ nípa ìnípọn rẹ̀. Omi kì í fún pọ̀, nítorí náà páìpù omi tó bẹ́ kàn ń jò ni. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ yóò fọ́ PVC sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì fò bí ìgò. OSHA, àjọ ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ lórí èyí láti 1988. Irin galvanised tó nípọn, kọ́pà àti alumíníọ̀mù ló yẹ. Bí owó kò bá tó, ẹ fa irin dé ìdajì ṣọ́ọ̀bù ní báyìí, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn.

Rọ́bà ìkẹyìn náà ń kó bá ènìyàn. Ẹni tó fa íǹṣì 1 tán tó wá so rọ́bà 1/4 íǹṣì gígùn mọ́ ọn ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Kí inú rọ́bà jẹ́ 3/8 íǹṣì ó kéré tán, kí ó sì kúrú. Ìsopọ̀ kékeré tí a ń tẹ̀ wọnú ara wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fífà á kò le. Kí páìpù fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 rẹlẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan síhà ibi tí omi yóò ti jáde. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ìpele tó fún wíwọ̀n rẹ̀. Orí páìpù àgbà ni kí ẹ ti mú ẹ̀ka, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, nítorí pé lásìkò òjò nílẹ̀ Èkìtì, omi inú afẹ́fẹ́ kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí ẹ bá tan án, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀. Ihò 1/16 íǹṣì ní psi 100 ń da nǹkan bí CFM 6 nù, èyí sì ju ohun tí HP 1 ń pèsè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ so géèjì kan mọ́ òpin páìpù, níwájú rọ́bà, kí ẹ sì kà á nígbà tí àwọn irinṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́, géèjì yìí àti ti kọ̀mpurẹ́sọ̀ yóò bá ara wọn mu, páìpù ìbáà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́.