Bí ẹ ṣe lè dá lẹ́tà tó ti pa rẹ́ padà sára nọ́ọ̀bù àti bọ́tìnnì dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́

Kí ẹ tó ra ọ̀dà, kí ẹ tó wá búrọ́ọ̀ṣì kankan, ẹ fi orí èékánná yín fa ojú lẹ́tà yẹn kọjá jẹ́jẹ́. Tó bá ń kọ́ yín léèékánná, á jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú ike, ọ̀dà tó wà nínú kòtò ẹ̀ ló ti ṣí kúrò, ìyẹn ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ni, iṣẹ́ tiẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ìkẹta tún wà, lára àwọn ọkọ̀ tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́, èyí tí lẹ́tà ẹ̀ máa ń tàn lálẹ́: ike tí iná ń gbà kọjá ló wà lábẹ́, ọ̀dà dúdú wà lókè, lẹ́tà yẹn gan-an wá ni ibi tí wọn ò kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ̀dà funfun sínú irú ìyẹn o, iná ò ní rí ibi kọjá mọ́.

Lójú tèmi ìnùnù ló ń pa lẹ́tà ju ọjọ́ orí lọ. Mo ní nọ́ọ̀bù wáípà kan nígbà kan tí gbogbo lẹ́tà ẹ̀ ṣì pé, ó kàn dọ̀tí ni, mo wá ti owú bọ inú àsítóònù mo fi nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi bí W àti I ṣe bá owú lọ, ojú ike náà sì ń lẹ̀ mọ́ ìka bíi súìtì tí ọmọdé ti lá. Ó dùn mí gan-an torí lẹ́tà yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Torí náà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, ó tán. Kò sí àsítóònù, kò sí tínà, kò sí pẹtiróòlù. Ọtí sípíríìtì pàápàá, ẹ kọ́kọ́ fi kan ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù níbi tí ojú ò dé.

Àmọ́ kí omi tó kàn án rárá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán ẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì máa tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Ẹ máa rí nǹkan tó máa yà yín lẹ́nu, ibi tí lẹ́tà wà tẹ́lẹ̀ máa ń dán yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi yòókù torí oòrùn ò bá a bó ṣe bá ìyókù, òjìji ọ̀rọ̀ yẹn á wá yọ. Fọ́tò yẹn ni ẹ máa fi mọ bí lẹ́tà ṣe ga tó àti bó ṣe jìnnà sí etí tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ tú orí négátíìfù bátìrì. Nọ́ọ̀bù míì kàn ń fà jáde ni, òmíì ní síkírù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíì sì ní ihò tín-ín-rín nísàlẹ̀ tí ẹ máa fi ìṣó wẹ́wẹ́ tì nínú kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi sikirudíráfà yọ ọ́ bí ẹni ń ṣí agolo, ike àtijọ́ ti gan. Okùn bàtà ni kẹ́ ẹ gbà yípo ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ wá fa apá méjèèjì papọ̀.

Ó yá, èyí tí wọ́n gbẹ́. Ẹ fi igi ìtayín yọ ọ̀dà àtijọ́ tó kù nínú kòtò, ẹ má lo abẹ́rẹ́, ó máa ha á. Ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Ọ̀dà enamel, ìyẹn ọ̀dà olóròóró, ni mo fẹ́ràn torí kì í tètè gbẹ, ó ń fún èèyàn láàyè. Ẹ má lo funfun gbòò bó ṣe wà nínú agolo, á máa ta yín lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù tó ti pọ́n díẹ̀, ẹ kán yẹ́lò bíńtín sí i àti búráùn tó kéré jùyẹn lọ, títí tó fi máa dà bí eyín. Ẹ wá ti ẹnu igi ìtayín bọ ọ̀dà, kí ẹ fi kan orí lẹ́tà, ẹ máa wò ó: ó máa fúnra ẹ̀ ṣàn lọ sínú kòtò, á gba ẹsẹ̀ W kan sọ̀kalẹ̀, á gba òmíì gòkè. Tó bá kún bo etí, kò burú.

Ẹ dúró títí dídán ojú ọ̀dà yẹn á fi lọ, àmọ́ kó má tíì le. Ẹ wé aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ káàdì líle kan kó gan dáadáa, ẹ fi white spirit (èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró, kì í ṣe ọtí sípíríìtì) kàn án, kó kàn tutù díẹ̀ ni, kó má rin. Ẹ wá nù ún kọjá lórí lẹ́tà, ẹ má nù ún tẹ̀lé bí ilà lẹ́tà ṣe lọ torí aṣọ á bọ́ sínú kòtò á sì fa ọ̀dà jáde. Ìnù kan, ẹ yí aṣọ sí ibi tó mọ́, ìnù míì. Ọ̀dà máa ń sún kì tó bá gbẹ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jọ́ kejì pé ó ti jìn sínú, ẹ rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan máa ń fi kíréyọ́nù kùn ún, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn tó ń wọ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù máa rọ̀ ọ́.

Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kọ ọ́, bó ti wù kí ọwọ́ yín dá tó. Lẹ́tà tí wọ́n ń fi nǹkan ra lẹ̀ láti ara pépà ló dáa jù, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Letraset sọ di olókìkí, tàbí waterslide decal tó ń fi omi yọ̀ kúrò lára pépà. Ẹ rántí pé púríńtà lásán ò ní íǹkì funfun, torí náà lẹ́tà funfun di ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwòrán ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ti lọ pátápátá, inú ìlànà ISO 2575, ti àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ni wọ́n kó àwọn àmì ọkọ̀ jọ sí, àmọ́ fọ́tò ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ jù. Ẹ fi téèpù di lẹ́tà mú kó má yẹ̀, ẹ fi bírò tí íǹkì ẹ̀ ti tán ra á láti orí dé ìdí, ẹ ká pépà ẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan bá ń bá pépà bọ̀ ẹ dá a padà kí ẹ tún un ra. Tó bá jẹ́ lẹ́tà kan péré ló lọ nínú ọ̀rọ̀, mi ò ní pa àwọn tó kù rẹ́, ẹyọ kan yẹn ni màá fi rọ́pò.

Ẹ wá fọ́n fáníṣì tí kò láwọ̀ sí i, èyí tí dídán ẹ̀ bá ti ike mu. Ẹ fọ́n ọn láti òkèèrè bí ìrì, kó gbẹ, kí ẹ tún fọ́n ọn, torí tó bá rin lẹ́ẹ̀kan náà ó máa yọ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ò nílò fáníṣì ní tiẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì kí ìka tó kàn wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ń dá wọn padà, ẹ wo ihò ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù, púpọ̀ nínú wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́, ìyẹn ló máa jẹ́ kí lẹ́tà dúró ṣánṣán. Ẹ so bátìrì, kí ẹ wá yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tẹ́ ẹ kọ iná sí tan iná, kí èyí tẹ́ ẹ kọ wáípà sí gbé wáípà.