Àkọ̀ ìbọn ìléwọ́: bí a ṣe ń yan án, bí a ṣe ń yọ ìbọn, bí a ṣe ń dá a padà

Iṣẹ́ tí a bẹ àkọ̀ ìbọn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ohunkóhun má kan tírígà títí ẹni tó gbé ìbọn yóò fi pinnu pé òun fẹ́ yìn ín. Bí awọ rẹ̀ ṣe ń dán, bí ó ṣe bá bàtà mu, fáàrí nìyẹn. Ìbọn ìléwọ́ òde òní tí kò lábùkù kì í ṣàdédé yìn. Nígbà tí wọ́n bá ní "ìbọn ló dédé dún nídìí rẹ̀", ẹ lọ wo ẹnu àkọ̀ náà dáadáa. Ìka ló wà níbẹ̀, tàbí etí bùbá, tàbí okùn jákẹ́ẹ̀tì, tàbí awọ àkọ̀ fúnra rẹ̀ tó ti rọ̀ tó sì ká wọnú òrùka tírígà. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ti ìbọn yí padà: àkọ̀ tó bá ti bàjẹ́ ló ń fọ́ itan ẹni tó so ó mọ́dìí.

Kí a tó lọ jìnnà, Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó ti wà láti 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé kiri igbó Ìgbómìnà wà ní ìsọ̀rí mìíràn. Nítorí náà ọlọ́pàá, sífú dìfẹ́ǹsì àti àwọn tí iṣẹ́ fi ìbọn sí nídìí ni a ń bá wí. Ọdẹ tó bá kà á náà kò pàdánù, nítorí ọ̀rọ̀ ìka àti ẹnu ìbọn kan náà ni níbi gbogbo.

Àkọ̀ tó tó àkọ̀

Àkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú ìbọn yẹn gan-an. Èyí tí wọ́n ń tà pé "gbogbo ìbọn ló ń gbà", tí wọ́n fi aṣọ ọ̀rá rírọ̀ rán, ẹ má rà á. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírígà, ẹnu rẹ̀ sì ń pa dé ní kété tí ìbọn bá ti jáde. Bí ẹnu àkọ̀ bá pa dé, ẹ óò máa fi ọwọ́ kejì là á kí ìbọn tó wọlé, ọwọ́ yẹn yóò sì wà níwájú ẹnu ìbọn. Ọ̀pọ̀ àtẹ́lẹwọ́ ló ti luhò báyìí.

Ike líle tí wọ́n fi iná tẹ̀ mọ́ ìrísí ìbọn ló rọrùn jù fún ojú ọjọ́ wa. Awọ náà dára bó bá nípọn, bí wọ́n bá sì fi awọ mìíràn tàbí irin kún ẹnu rẹ̀ kí ó má baà rọ̀. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè rán àkọ̀ tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìbọn yín fún un pé kó fi wọn awọ. Ìbọn ike tí kì í yìn, tó bá tiyín dọ́gba, ni kí ẹ gbé lọ. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ gbàgbé àkọ̀ àránṣe.

Ẹ dán àkọ̀ wò nílé, ìbọn náà ní òfìfo, mágásíìnì (ilé ọta) sì wà ní yàrá mìíràn. Ẹ ti ìbọn bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àkọ̀: bí ẹ bá rí tírígà, àkọ̀ ti kùnà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí òrùka tírígà wà láti ìta, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé tírígà ń mì, ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ dé lórí ibùsùn kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ìbọn kò gbọdọ̀ já bọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì kí ẹ fa ìbọn yọ. Ìbọn nìkan ló yẹ kó jáde. Bí àkọ̀ bá bá a gòkè, bẹ́líìtì ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bẹ́líìtì iṣẹ́ sábà máa ń fẹ̀ tó 50mm, ti ṣòkòtò lásán tó 38mm. Bí ẹ bá ki 38mm bọ ojú àkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 50mm, yóò máa yí kiri, ọwọ́ yín kò sì ní bá ìdí ìbọn níbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ìdè orí àkọ̀, èyí tó ń di ìbọn mú kó má baà bọ́, gba àròjinlẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ bánkì tàbí tó ń rìn láàárín èrò Ọjà Ọba gbọ́dọ̀ ní ìdè tí ẹlòmíràn kò lè tú láti ẹ̀yìn. Ìdè tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ ni kí ẹ yàn. Irú kan wà tí ìka ìfábẹ̀lá ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ sínú bí ọwọ́ ṣe ń fa ìbọn sókè. Ewu rẹ̀ kò fara sin. Ìka tó ń tẹ nǹkan sínú kò ní dáwọ́ títẹ̀ dúró nígbà tí ara bá ń gbọ̀n, ibi tí yóò sì balẹ̀ sí bí ìbọn ṣe ń jáde ni tírígà. Àwọn ilé ìkọ́ni kan ní Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e wọlé, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ojú ọjọ́ Kwara kò ṣàánú àkọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ń kún ìdí àkọ̀ ike. Ìbọn kò ní wọlé tán, ìdè kò sì ní dún kó. Àkọ̀ awọ ń gbẹ, ó ń là. Nígbà òjò òógùn ń rọ̀ ọ́, èébu sì ń bò ó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ yọ ìbọn kúrò, kí ẹ gbọn àkọ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nínú. Ẹ wo síkúrù kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀kadà àti gbágungbàgun ọ̀nà máa ń tú wọn. Ẹ kán àtè aláwọ̀ búlúù tí àwọn mẹkáníìkì ń kán sórí síkúrù sí wọn díẹ̀, kí wọ́n lè dúró, kí wọ́n sì ṣeé tú lọ́jọ́ mìíràn. Awọ tí ẹnu rẹ̀ ti ń ká wọnú kò ní àtúnṣe. Ẹ má kùn ún, ẹ má rán an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀

Ìbọn òfìfo ni a fi ń ṣe ìdánrawò yíyọ àti dídá padà. Ẹ yọ mágásíìnì ná, kí ẹ tó fa irin òkè (irin gígùn orí ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn tó ń bọ̀ síwájú) sẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa irin òkè tí mágásíìnì ṣì wà níbẹ̀, ọta kan yóò fò jáde, òmíràn yóò wọlé rọ́pò rẹ̀, ẹ óò sì rò pé ìbọn ti ṣófo. Ìdarúdàpọ̀ kékeré yìí nìkan ti tó láti sọ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn tí mágásíìnì bá ti jáde, ẹ fa irin òkè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ há a sẹ́yìn, ẹ wo ihò ọta, kí ẹ sì ti ìka ọmọńdinrín bọ̀ ọ́, nítorí iná lè lọ, ojú sì lè tanni jẹ.

Gbogbo ọta gidi á jáde kúrò ní yàrá náà. Ẹ kọjú sí ògiri tí ọta kò lè là já. Ògiri alámọ̀ nípọn, búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pákó ìpín yàrá kò tó nǹkan kan rárá. Ẹ ríi dájú pé ènìyàn kò sí lẹ́yìn ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù, tí àwọ̀ rẹ̀ hàn gbangba, ẹ lò ó.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ ti rẹ̀, àṣìṣe ló kù tí yóò máa kọ́. Ìwọ̀n ogún ìgbà tó mọ́ dára ju ọgọ́rùn-ún ìgbà ìwàǹwára lọ. Bí ìdánrawò bá parí, ẹ sọ ọ́ sókè pé ó ti parí, kí ẹ sì kúrò ní yàrá náà. Ẹni tó tún ki ọta sínú ìbọn tó ní òun fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i ni ìbọn ń dún mọ́ lọ́wọ́.

Yíyọ

Ẹ pín ìṣe yíyọ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ahunṣọ òfì Ìlọrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láìwò ó, díẹ̀díẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni aṣọ. Ọwọ́ òsì á gbá bùbá tàbí jákẹ́ẹ̀tì mú, á fà á sókè dé ìhà, á sì dì í mú. Ẹni tó bá wọ agbádá kò lè yọ ìbọn kíákíá láé, kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Nínú àkọ̀ níbẹ̀ náà ni ọwọ́ ọ̀tún ti gbọ́dọ̀ di ìdí ìbọn mú pátápátá: àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá lókè pátápátá lẹ́yìn ìdí ìbọn, ìka mẹ́ta lábẹ́ òrùka tírígà, ìfábẹ̀lá nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ̀. Bí ọwọ́ kò bá jókòó dáadáa níhìn-ín, kò sí ibi tí ẹ óò ti tún un ṣe mọ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Àtàǹpàkò tú ìdè. Ìbọn jáde tààrà sókè títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kúrò nínú àkọ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó yí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ẹni tó ń jù ú síwájú bí ẹni ń ju àwọ̀n, ẹnu ìbọn rẹ̀ ń gba ilẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ òsì, tó ti di aṣọ mú ní ìhà láti ìbẹ̀rẹ̀, á pàdé ọ̀tún níwájú àyà, kò sì gbọdọ̀ kọjá iwájú ẹnu ìbọn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ méjèèjì á tì í lọ síwájú ojú.

Ìka ńkọ́? Ìta ló ṣì wà. Ó di ìgbà tí ojú bá ti rí ohun tí a fẹ́ yìn, tí a mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọkàn sì ti pinnu, kó tó wọ orí tírígà. Lórí ìbọn bí i Glock, fífa tírígà kò gbà ju agbára bí ìwọ̀n kílò 2 àtààbọ̀ lọ, kò sì ní ìdènà kankan tí àtàǹpàkò ń tì. Bí ẹnì kan bá ta gìrì, tàbí tó yọ̀ lẹ́rọ̀fọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fún mọ́ra láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ju agbára tí tírígà yẹn ń bèèrè lọ.

Ẹ má ka aago sí i títí gbogbo èyí yóò fi máa ṣẹlẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ìyára á wá fúnra rẹ̀.

Dídá a padà

Ibí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ta sílẹ̀ jù. Èèyàn máa ń ṣọ́ra nígbà tó bá ń yọ ìbọn. Bó bá ń dá a padà, ó ti ń wo ọ̀gá rẹ̀, ó ti ń dá fóònù lóhùn. Kò sì sí ohun kankan láyé tó ní kí ìbọn yára wọ àkọ̀.

Ẹ dúró. Ẹ wò bóyá iṣẹ́ ti parí lóòótọ́. Ẹ yọ ìka kúrò lórí tírígà, ẹ nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níbi tó ga. Bí ìbọn yín bá ní òòlù (irin kékeré ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá kí ọta tó yìn), bí i Beretta 92, ọwọ́ ìdènà rẹ̀ ni kí ẹ fi sọ òòlù kalẹ̀, kì í ṣe tírígà pẹ̀lú àtàǹpàkò. Irú Browning Hi-Power, tí òòlù rẹ̀ ń wà ní gbígbé, ìdènà rẹ̀ ni kí ẹ tì sókè ná. Ẹ fa aṣọ kúrò lọ́nà, kí ẹ sì wo inú àkọ̀ fúnra yín. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀jáfáfá kì í wo àkọ̀. Ẹni tí okùn jákẹ́ẹ̀tì ti bá wọ àkọ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ ti ìbàdí síwájú, kí ẹnu ìbọn lè máa wo ilẹ̀ dípò itan. Ẹ gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀yìn irin òkè. Lórí ìbọn olóòlù, orí òòlù gan-an ni kó wà: bí òòlù bá ti wà nílẹ̀ tí nǹkan sì ń fa tírígà, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára pé òòlù fẹ́ dìde, ẹ óò sì dáwọ́ dúró. Ẹ sọ ìbọn wọlé jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá bá ìdíwọ́ pàdé, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má tì í. Ẹ fà á jáde, kí ẹ wá ohun tó dí i. Agbára tí ẹ bá fi tì í, tírígà ni yóò gbà á.

Àwọn ibi mìíràn tí ìbọn ti ń bọ́

Ní ṣalángá, ẹ má yọ ìbọn gbé sórí ògiri. Ẹ dì í mú sínú àkọ̀ rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, lórí ṣòkòtò tó wálẹ̀, kí ẹ má lè dìde láìgbé e. Nínú ọkọ̀ tó kún, bẹ́líìtì ìjókòó á wà lábẹ́ àkọ̀, kì í ṣe lórí rẹ̀, kí ẹ má baà máa jà pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ẹ fi ọwọ́ kan ìdè kí ẹ tó gùn ún àti lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀. Bó bá di pé kí ẹ bọ́ ìbọn sílẹ̀ nílé, ẹ tú àkọ̀ àti ìbọn pọ̀ mọ́ra kúrò lára bẹ́líìtì, kí tírígà ṣì wà ní bíbò títí wọn yóò fi wọ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Bí ìbọn bá sì já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ẹ má nawọ́ hán an. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ni wọ́n ṣe kí ó lè já bọ́ láìyìn, ṣùgbọ́n ìka tó ń wá ibi dìmú nínú afẹ́fẹ́, òrùka tírígà ló sábà máa ń há sí.