Ẹ Yéé Kó Owó Ètò Ọmọbìnrin Lé Bánà Lórí

Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò mẹ́ńtọ̀, ìyẹn kí àgbà máa tọ́ ọmọ sọ́nà, fáwọn ọmọbìnrin l'Òṣogbo níbí kó bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá hàn mí. Mo kà á, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Hóòlù, bánà, tí-ṣáàtì, jọ̀lọ́ọ̀fù, onífọ́tò, púláàkì àlejò pàtàkì. Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ October 11 ló mú, torí àjọ UN ti ya ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀ fọ́mọbìnrin, látọdún 2012 la sì ti ń ṣe é. Ó dáa. October 12 ńkọ́? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú ètò yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kínú mi lè fúyẹ́.

1. Ẹ kì í bá màmá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 15 kọ́ ló ni Sátidé ẹ̀, màmá ẹ̀ tó ń ta ata l'Ìgbọ̀nà ló ni ín. Ẹ lọ kí wọn nísọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sì ra ata.

2. Aago tẹ́ ẹ ń mú. Mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, àwọn kan wà nílé kéú, àwọn kan wà ní lẹ́sìnnì, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó mú aago. Èmi tí mò ń sọ yìí náà ti fi ètò sọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun rí nínú oṣù August, ọmọ Òṣogbo sì ni mí o, ìtìjú! Ọ̀nà dí pa, ọmọ mẹ́rin péré ló ráyè wá, ìrẹsì tá a sè fún ọgọ́ta èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́ nílé wa.

3. Ẹ ń fún ọmọ tí ò tíì kọ́ṣẹ́ tán ní máṣíìnì ìránṣọ. Á tà á.

4. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú: àlejò ńlá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èèyàn ńlá ló kọ́kọ́ ń wá kiri, ọ̀gá báńkì, ìyàwó olóṣèlú, ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé. Mo mọ̀, torí èmi náà ṣe é. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo pe màdáàmù kan láti Èkó, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo háyà hóòlù l'Òkè-Fìà, mo tẹ bánà tó ga jù mí lọ tójú màdáàmù gba ìdajì ẹ̀, mo ṣe púláàkì, mo gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún wọn, mo tún gba ti dẹ́rẹ́bà wọn, gbogbo èésú tí mo dá fóṣù mẹ́jọ ló bá a lọ. Aago mẹ́wàá la pe ètò, aago kan ku díẹ̀ ni wọ́n wọlé. Wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ láìní nǹkan kan àti bí wọ́n ṣe dọ̀gá, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọrí sí mọ́tò. Ọmọ SS2 kan sáré tẹ̀ lé wọn débi ọkọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe àmọ́ kíláàsì Art ni wọ́n fi mí sí, kí ni kí n ṣe? Wọ́n ní kó máa gbàdúrà, kó tẹra mọ́wèé. Ọkọ̀ gbéra.

Àdúrà dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ohun tọ́mọ yẹn ń wá lọ́jọ́ náà lẹ́ni tó máa sọ fún un pé láìsí Biology, Chemistry àti Physics nínú WAEC ẹ̀, wọn ò ní gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, kó yáa wá bó ṣe máa yí kíláàsì padà kó tó wọ SS3. Ṣẹ́ ẹ mọ ẹni tó padà sọ fún un? Ọmọ yunifásítì UNIOSUN kan tó fi ọdún mẹ́ta péré jù ú lọ, tó wá bá wa pín omi lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ kòròpè ló wọ̀ wá. Ó tẹ̀ lé e lọ bá tíṣà ẹ̀, ó yá a níwèé, nígbà tó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB ó jókòó tì í kó má baà mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ò yẹ. Kò sẹ́ni tó fún òun ní púláàkì.

Ìlú aró la wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé aláró máa ń gun orí pèpéle lọ sọ ìtàn ayé ẹ̀ fọ́mọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni? Ọmọ á bá a pọnmi, á bá a ru eérú, á ba aṣọ jẹ́, á gba ìbáwí, á tún òmíì rẹ, ibẹ̀ níṣẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ lára. Torí náà ẹ wá ẹni tọ́mọ náà lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyá onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, mẹ́ńtọ̀ gidi nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì má kó ju ọmọ mẹ́rin márùn-ún fún ẹnì kan. Ogójì ọmọ fún ẹyọ èèyàn kan, ìwàásù nìyẹn.

Mo ti gbàgbé nọ́ńbà tá a dé, ẹ má bínú.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú, ẹ ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń dùn ún lókàn, ó ní "I am fine ma", ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Ransome-Kuti kàwé dé ìlú òyìnbó, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ni wọ́n wọ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọlọ́jà níwèé. Ariwo àwọn obìnrin yẹn ló mú kí Aláké kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Ẹ̀yin wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ Òṣogbo ní "leadership".

Leadership yẹn gan-an, ẹ̀ẹ́ sọ ọ́ títí, ọmọ ò ní darí nǹkan kan. Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ẹ fún wọn ní ìwé owó àjọ. Mo fún ọmọ ọdún 16 kan ní tiwa, oṣù àkọ́kọ́ náírà 2,400 dín. Mo ti múra àti bá a wí dáadáa, ó ṣí ìwé, ó fi ìka hàn mí: èmi ni mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi ra káàdì, ó kọ ọjọ́ síbẹ̀, ó tún kọ aago. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Mo san án.

Ẹ yéé ya fọ́tò ọmọ tẹ́ ẹ gbé páàdì lé lọ́wọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 ní ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ṣẹ́ ẹ bi màmá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sórí Facebook? Ìwọ alára, ṣé wàá gbé tìẹ síbẹ̀?

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa pàdé ọmọ yín ní kọ̀rọ̀, ẹ lé e. Kò nílò àlàyé.

Àbúrò tó kó bọ́jẹ́ẹ̀tì wá yẹn bínú díẹ̀ nígbà tí mo fi bírò pa bánà rẹ́, ó ní àwọn tó máa fún òun lówó á fẹ́ rí bánà. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé wa kó wá wo tèmi. Èlùbọ́ la ń sá lórí ẹ̀ látọjọ́ yìí. Màdáàmù ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àfi etí kan tí ewúrẹ́ ti jẹ.